Knickerbocker: Ti Schaghticoke Ni Kó Tó Di Ti New York

Bí ẹ bá bèèrè ẹni tó ni Knickerbocker, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ará New York, Washington Irving òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa dárúkọ. Irving gbé orúkọ náà sórí ìwé ẹ̀fẹ̀ kan ní 1809, a ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ àgbègbè Albany, olú ìlú ìpínlẹ̀ New York, fún ọdún 127 kó tó kan Irving. Ìdílé tó ń jẹ́ ẹ ti ní oko, wọ́n ti kọ́ ilé bíríkì, ọmọ wọn kan sì ti wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà. Schaghticoke ni ilé wọn, ní àríwá Albany, nítòsí ibi tí odò Hoosic ti ń wọnú odò Hudson. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ń wá orísun orúkọ yìí kọ́kọ́ yà sí.

Ẹni tó mú orúkọ náà dé Amẹ́ríkà ni Harmen Jansen. Jansen kì í ṣe orúkọ ìdílé. Ọmọ Jan ló túmọ̀ sí, bí a ṣe ń pe ènìyàn ní ọmọ Òjó, bí ẹni náà bá sì bímọ tirẹ̀, orúkọ á tún yí padà: Johannes Harmensen ni àkọ́bí Harmen ń jẹ́, Johannes ọmọ Harmen. Bí púpọ̀ nínú àwọn Dutch, ìyẹn àwọn ará Nẹ́dálándì, ṣe ń jẹ́ orúkọ nìyẹn láyé ìgbà náà. Tí Jansen bá wá pọ̀ jù ní àdúgbò kan, wọ́n á fi ìlú tí olúkúlùkù ti wá kún un, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ kékeré náà, van, ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń rò pé àmì ọlọ́lá ni van. Kò rí bẹ́ẹ̀, "ará ibi báyìí" lásán ni. Ti Harmen ni van Wye, ìyẹn ará Wijhe, abúlé kan létí odò IJssel ní ìpínlẹ̀ Overijssel ní Nẹ́dálándì.

Ní 1682 ni orúkọ tuntun yọjú nínú ìwé, wọ́n sì kọ ọ́ báyìí: van Wyekycbacke. Bí ẹ bá kà á ní ìkàpapọ̀, kò jọ nǹkan kan. Ẹ gé e sí méjì: Wye, kycbacke. Orúkọ abúlé ni wọ́n so mọ́ orúkọ mìíràn tí kò tíì ní ọ̀nà kan pàtó tí wọ́n ń gbà kọ ọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Wye bọ́ sílẹ̀, èyí tó kù sì ń gbó sí i lẹ́nu àwọn akọ̀wé títí ó fi di Knickerbacker. Àkókò náà bọ́gbà mu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba ilẹ̀ New York lọ́wọ́ àwọn Dutch ní 1664, àwọn Dutch gbà á padà ní 1673, ó tún di ti Gẹ̀ẹ́sì ní 1674. Akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ orúkọ kan tí kò ní yí padà láti ọ̀dọ̀ baba dé ọ̀dọ̀ ọmọ, kó lè mọ ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó máa jogún rẹ̀.

Kí wá ni ìtumọ̀ rẹ̀? Knikker ni àwọn Dutch ń pe bọ́ọ̀lù róbótó kékeré tí àwọn ọmọdé ń fi ìka ta lórí ilẹ̀. Bakker ni ẹni tó ń yan búrẹ́dì, àmọ́ kò mọ sórí búrẹ́dì. Pottenbakker ni amọ̀kòkò, steenbakker ni ẹni tó ń sun bíríkì, pannenbakker ni ẹni tó ń sun àwo amọ̀ tí wọ́n fi ń bo òrùlé. Èdè tiwa pín in sí méjì, a máa ń yan búrẹ́dì, a máa ń sun ìkòkò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn Dutch ń lò fún méjèèjì. Knikkerbakker bá àwọn orúkọ iṣẹ́ amọ̀ wọ̀nyí jókòó láìsí wàhálà: ẹni tó ń fi amọ̀ ṣe bọ́ọ̀lù ọmọdé, tó sì ń sun ún nínú iná. Bọ́ọ̀lù gíláàsì kò tíì gbòde nígbà náà, ti amọ̀ ló wọ́pọ̀.

Ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní fojú kéré orúkọ yìí. Wọ́n á ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò nínú amọ̀, wọ́n á po ó títí afẹ́fẹ́ á fi jáde nínú rẹ̀. Bí òkúta ẹfun tíntín bá ṣẹ́kù síbẹ̀, bọ́ọ̀lù náà á jáde nínú iná láìlábùkù, àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ òkúta yẹn á fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, á wú, á sì la bọ́ọ̀lù náà. Wọ́n á gé amọ̀ sí ìwọ̀n kan náà, wọ́n á sì yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́. Amọ̀ máa ń sún kì bó bá ń gbẹ àti bó bá wà nínú iná, ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, nítorí náà ẹni tó fẹ́ bọ́ọ̀lù oní mìlímítà 16 gbọ́dọ̀ yí èyí tó tó mìlímítà 18. Abẹ́ ibòòji ni wọ́n ń sá a sí. Bí wọ́n bá sá a sóòrùn, ara rẹ̀ á gbẹ kí inú rẹ̀ tó gbẹ, á sì sán. Iná àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ rọra jó, torí omi tó bá ṣẹ́kù nínú amọ̀ á di oru, tí oru náà kò bá rọ́nà jáde, bọ́ọ̀lù á bú, á sì fọ́ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó igi sí i títí ooru á fi tó 900 sí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí iná kò jó tó á máa rún bó bá kọlu ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí tí iná pọ̀ jù fún á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ra.

Kò sí ẹni tó máa kún ààrò ńlá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ọmọdé nìkan. Èrò mi ni pé àlàfo tó wà láàárín ìkòkò tàbí bíríkì ni wọ́n ń dà wọ́n sí, kí igi ìdáná kan náà lè sun méjèèjì. Etí odò IJssel kún fún amọ̀, wọ́n sì ti ń sun bíríkì níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn. Kí ọmọ Wijhe máa jẹ́ orúkọ asunmọ̀ kò ṣàjèjì rárá. Ó lè jẹ́ Harmen fúnra rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà kó tó rékọjá òkun, ó lè jẹ́ Jan baba rẹ̀, ó sì lè jẹ́ orúkọ ìnagijẹ tí ọmọdé ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un nítorí ó mọ bọ́ọ̀lù ta. Èyí ó wù kó jẹ́, lẹ́tà a tó wà nínú Knickerbacker ló ṣẹ́gun fún mi: bakker ni, lẹ́tà o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́yìn ni. Kódà ní 1833, nígbà tí ìwé ìròyìn olóṣooṣù kan bẹ̀rẹ̀ ní New York, Knickerbacker ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ní àkọ́kọ́.

Irving mú ìtumọ̀ méjì mìíràn wá nínú ìwé rẹ̀, èkíní pé àwọn tó ń mi ife ọtí ni wọ́n, èkejì pé àwọn tó ń tòògbé lórí ìwé ni. Ìwé ẹ̀fẹ̀ ló ti sọ ọ́, inú ẹ̀fẹ̀ ni kó wà.

Ẹni tó bá fẹ́ tọpasẹ̀ ìdílé yìí, ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì Dutch ìlú Albany wà láti 1683. Kó má wá lẹ́tà K nìkan o. Ìbí kan lè wà lábẹ́ Janse, òmíràn lábẹ́ Harmense. Orúkọ ọmọ ni wọ́n ń kọ, ti baba, àti ti ìyá, orúkọ ilé baba ìyá náà ni wọ́n sì ń lò, torí obìnrin Dutch kì í pa orúkọ ilé baba rẹ̀ tì nítorí ọkọ. Àwọn ẹlẹ́rìí ló tẹ̀lé e, ẹbí ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, àwọn ló sì ń jẹ́ kéèyàn mọ Harmen Jansen kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń dàrú jù: ènìyàn á rí Harmen Jansen mẹ́ta, á pa wọ́n pọ̀ di ẹnì kan. Àṣà ìsọmọlórúkọ ni kó fi ṣe òṣùwọ̀n. Àkọ́bí ọkùnrin sábà máa ń jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, èkejì a jẹ́ ti bàbá ìyá. Harmen jẹ́ ọmọ Jan, ó sì sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Johannes. Orúkọ kan náà ni Jan àti Johannes.

Johannes yìí ló gbé ìdílé náà dé Schaghticoke. Ìwé àṣẹ tí Gómìnà Dongan fún ìlú Albany ní 1686 ti fún ìlú náà lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀, ní nǹkan bí 1709 ni àwọn àgbẹ̀ Dutch sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìpín, Johannes wà lára wọn. Lórí ilẹ̀ yẹn ni igi óákù tí Gómìnà Andros gbìn ní 1676 wà nígbà náà, igi májẹ̀mú àlàáfíà òun àti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí ogun lé wá láti New England. Ìdílé náà kọ́ ilé bíríkì ńlá wọn síbẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó ṣì dúró. Àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ oko náà, bó ṣe rí ní oko àwọn Dutch jákèjádò etí odò Hudson, òmìnira kíkún kò sì dé ní ìpínlẹ̀ New York àfi ní 4 oṣù keje 1827. A kò gbọ́dọ̀ yọ ìyẹn kúrò nínú ìtàn orúkọ yìí. Sojourner Truth, obìnrin tó bá oko ẹrú jà títí tí ayé fi mọ̀ ọ́n, Dutch ni èdè àkọ́kọ́ tó sọ lẹ́nu, torí inú oko irú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n bí i sí.

Ní 4 oṣù kẹta 1809 ni sáà Herman Knickerbocker, ọmọ ìdílé yìí, bẹ̀rẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Washington. Oṣù mẹ́sàn-án ló kù kí ìwé Irving jáde. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ sọ pé Irving ló dá orúkọ náà?

Irving kò ní ẹ̀jẹ̀ Dutch. Ará Orkney ní Scotland ni bàbá rẹ̀, ará Cornwall ni ìyá rẹ̀, New York ni wọ́n sì ti bí i ní 1783. Òun àti Peter ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ìwé náà láti fi ìwé atọ́nisọ́nà tí Samuel Mitchill kọ nípa New York ní 1807 ṣe yẹ̀yẹ́. Peter lọ sí Yúróòpù. Ní oṣù kẹrin 1809, Matilda Hoffman, ọmọ ọdún 17 tí Irving fẹ́ fi ṣaya, kú. Irving gòkè odò lọ sí Kinderhook, sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Van Ness, ó sì ń bá ìwé náà lọ láàárín àwọn àgbẹ̀ Dutch, níbi tí kò jìnnà sí Albany. Àgbègbè tí wọ́n ti ń jẹ́ Knickerbocker ló wà yẹn, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe Manhattan.

Bó ṣe ta ìwé náà dára púpọ̀. Ní 26 oṣù kẹwàá, ìkéde kan jáde nínú ìwé ìròyìn Evening Post pé wọ́n ń wá bàbá kúkúrú kan tó wọ kóòtù dúdú tó ti gbó, Knickerbocker lorúkọ rẹ̀, tó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì Columbian ní òpópónà Mulberry láìdágbére. Ní 6 oṣù kọkànlá, arìnrìn-àjò kan kọ̀wé pé wọ́n rí i létí ọ̀nà Albany, lókè King's Bridge. Ní ọjọ́ kẹwàá sí i, onílé kọ̀wé pé òun rí ìwé àfọwọ́kọ kan nínú yàrá rẹ̀, òun á tà á láti fi san gbèsè bí bàbá náà kò bá padà. Irving ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ní 6 oṣù kejìlá, ọjọ́ Nikọ́láàsì Mímọ́ tí àwọn Dutch ń ṣe lọ́dún, ìtàn New York látọwọ́ Diedrich Knickerbocker, bàbá àròsọ yẹn, dé ọjà. Àwọn ọmọ Dutch kan bínú torí ìwé náà fi àwọn baba ńlá wọn ṣe yẹ̀yẹ́, Gulian Verplanck, ọ̀kan lára wọn, sì bá Irving wí ní gbangba ní 1818. Irving kò fi Diedrich sílẹ̀: òun ló ní kó sọ ìtàn Rip Van Winkle ní 1819 àti ti Sleepy Hollow ní 1820. Nígbà tó tún ìwé náà tẹ̀ ní 1848, ó kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé búrẹ́dì, yìnyín, ọkọ̀ ojú omi àti iléeṣẹ́ ìbánigbófò ti ń jẹ́ Knickerbocker, àwọn tó bínú sí i tẹ́lẹ̀ sì ti ń fi orúkọ náà yangàn.

Láti ibẹ̀, orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Ẹgbẹ́ Knickerbocker kọ òfin bẹ́sìbọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1845, àmọ́ wọ́n fìdí rẹmi pẹ̀lú 23 sí 1 nínú ìdíje 19 oṣù kẹfà 1846 ní Hoboken. Iléeṣẹ́ ìfowópamọ́ Knickerbocker Trust ti ilẹ̀kùn ní 22 oṣù kẹwàá 1907 lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà gba nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là láàárín wákàtí díẹ̀, ìjàǹbá ọdún yẹn sì wà lára ohun tó bí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní 1913. Ní 1946 ni ẹgbẹ́ básíkẹ́tì-bọ́ọ̀lù New York gba orúkọ náà, wọ́n sì gé e kúrú sí Knicks. Nínú knikker àti bakker, apá bọ́ọ̀lù ni wọ́n mú.

Ní London, George Cruikshank ya àwọn Dutch inú ìwé Irving pẹ̀lú ṣòkòtò tó fún mọ́ orúnkún. Àwọn aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í pe irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ ní knickerbockers ní nǹkan bí 1859, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gé e sí knickers, wọ́n sì mú un dé ọ̀dọ̀ wa. Níkà tí ọmọkùnrin ń wọ̀ lọ síléèwé ní Ìbàdàn, ará Wijhe tó wá di ará Albany yẹn ló ni orúkọ rẹ̀.