Ìrù Ni Ìjì Kọ́kọ́ Ń Gbé

Bí bàlúù kékeré ṣe ń fò kò ṣòro láti rí kà; ó wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ girama. Bó ṣe ń dúró sójú kan ni wọn kì í sábà sọ. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ bàlúù, pàápàá irú èyí tó jọ ti Ogun Àgbáyé Kìíní, tí wọ́n fi aṣọ bò lára, tí igi gbọọrọ kan sì dúró lábẹ́ ìrù rẹ̀ dípò táyà, lè fi ọdún mélòó kan ronú lórí bí yóò ṣe gbéra. Bí kò ṣe ní gbéra lọ́jọ́ tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lọ́wọ́ wọn: okùn kan níhìn-ín, èèkàn kan lọ́hùn-ún, ó parí.

Ohun tó ń fa ìfojúkéré yẹn ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé títì ni atẹ́gùn ń ti nǹkan. Wọ́n á ní bàlúù náà wúwo, a ti fi òkúta dí táyà rẹ̀, ibo ló fẹ́ yí lọ? Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé Kàbà, Ìsánlú tàbí Mọ̀pà, nílẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, lásìkò òjò àkọ́rọ̀ mọ̀ pé ìjì kì í ti òrùlé, ṣíṣí ló ń ṣí i. Páànù kì í já wọ yàrá. Òkè ló ń gbà lọ, tòun ti igi tí wọ́n kàn án mọ́. Atẹ́gùn tó ń sáré kọjá lórí òrùlé ń fà á sókè, èyí tó sì ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ ń tì í láti ìsàlẹ̀. Ìdí nìyí tí káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í fi ìṣó nìkan ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé. Á ní kí bíríkìlà ti fi irin pẹlẹbẹ há àárín búlọ́ọ̀kù kí ògiri tó dé òkè, kí irin náà yọrí síta, kí òun lè fi wé igi tó jókòó lórí ògiri. Kí ìjì tó lè gbé irú òrùlé bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ògiri. Ẹni tó kan páànù mọ́ igi dáadáa ṣùgbọ́n tí kò so igi mọ́ ògiri, ńṣe ló kàn ṣètò kí òrùlé náà lọ lódindi. Irú rẹ̀ la máa ń bá nínú oko elòmíràn, tí páànù kan ṣoṣo kò yẹ̀ lára rẹ̀.

Apá bàlúù, òrùlé tí wọ́n dìídì ṣe kí atẹ́gùn lè rí gbé ni. Nieuport 11, bàlúù ìjà àwọn ará Faransé tí ọ̀pọ̀ ń kọ́ àfijọ rẹ̀, ní apá tí gbogbo fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 13. Ká mú 12 fún ìṣirò wa, ká sì rántí pé bàlúù tó ń fi ìrù jókòó máa ń gbé imú sókè, tí apá rẹ̀ ti dagun sí atẹ́gùn bí ìgbà tó fẹ́ fò. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ní kìlómítà 36 ní wákàtí kan, agbára tí yóò fi fà á sókè lè tó ìwọ̀n kìlógíráàmù 90. Bó bá di 72, agbára náà kì í di ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ni: 360. Àfijọ tí òun fúnra rẹ̀ kò ju kìlógíráàmù 250 lọ, kí ni òkúta abẹ́ táyà fẹ́ ṣe sí i?

Apá ni gbogbo èèyàn ń rántí so. Ìrù sì rèé, òun ló fúyẹ́ jù. Táyà méjì iwájú dúró nítòsí ibi tí ìwúwo bàlúù ti dọ́gba, nítorí náà orí wọn ni ẹrù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán. Èyí tó kù sórí ìrù kò ju ohun tí ọkùnrin kan lè fọwọ́ gbé nígbà tó bá fẹ́ yí i. Ohun tí èèyàn kan lè gbé, ìjì kò ní bẹ̀ ẹ́ kó tó gbé e. Bí atẹ́gùn bá ti ẹ̀yìn wá, á wọ abẹ́ ìrù, imú á fi ẹnu gúnlẹ̀, abẹ̀bẹ̀ iwájú á fọ́, bí kò bá sì tíì tó, á dojú gbogbo rẹ̀ dé.

Ìwé ìtọ́ni máa ń sọ pé ká kọjú bàlúù sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Ó dára. Atẹ́gùn wo? Nílẹ̀ Okun, atẹ́gùn ojoojúmọ́ ìgbà òjò ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti apá òkun. Ìjì kì í bá a rìn. Ìlà-oòrùn ni ìjì àkọ́rọ̀ ti ń bọ̀. Ará Kàbà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá kóun ká aṣọ nílẹ̀, apá Lọ́kọ́ja ló ń wò. Ojú ọ̀run á dú lọ́hùn-ún, atẹ́gùn á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà eruku á dìde. Bàlúù tó ti ń kọjú sí atẹ́gùn ire láti àárọ̀ á wá fi ìdí gba ti ibi. Wọ́n tún ní tí atẹ́gùn bá ń ti iwájú wá, ká fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn ká so ó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló ti ń wá, ká tì í síwájú. Nínú ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tó tọ̀nà á ti di ìdàkejì. Ìtọ́ni yẹn kò burú, ó kàn gbà pé atẹ́gùn kan ṣoṣo la ní ni. Níbi tí ìjì ti ń gbẹ̀yìn wá báyìí, okùn ìrù kì í ṣe okùn kẹta. Òun ni àkọ́kọ́.

Kí wá ló dé tí kò fi sí ojú ìsokùn gidi ní ìrù àwọn bàlúù wọ̀nyí? Ní 1916, àwọn tó ṣe wọ́n kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àgọ́ aṣọ ńláńlá wà, ọmọ ogun sì pọ̀ tí yóò tì wọ́n wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń kọ́ àfijọ lónìí ń da gbogbo rẹ̀ kọ pẹ̀lú òtítọ́ inú, títí dórí ohun tí kò sí níbẹ̀, àmọ́ kò ní ọmọ ogun kankan.

Ló bá so okùn mọ́ igi abẹ́ ìrù. Èyí ló ń bíni nínú jù, nítorí ó dà bí ọgbọ́n. Rọ́bà ni wọ́n fi dá igi yẹn dúró kó lè máa gba ìgbátì ilẹ̀, ó sì lè yí sọ́tùn-ún sósì. Ẹni tó so ó, igi ló so, kò so bàlúù. Ìjì á fa ìrù sókè, rọ́bà á nà, ìrù á tún já bọ́, okùn á fà á yọ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ohun kan yóò fi ya. Okùn sára páànù nìyẹn. Ògiri ṣì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Ògiri bàlúù ni oríkèé tí àwọn páìpù gígùn ìsàlẹ̀ ti pàdé òpó ìrù. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ lágbára gan-an tí wọ́n bá fà á tàbí tì í ní gígùn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fà á láàárín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ̀ nìyẹn. Ní oríkèé, ẹrù okùn á pín sára gbogbo páìpù tó pàdé níbẹ̀, kálukú á sì gbé tirẹ̀ ní gígùn. Àwọn àfijọ kan jẹ́ páìpù àlùmíníọ̀mù, tí wọ́n fi àwo pẹlẹbẹ àti rivet (ìṣó kúkúrú tí wọ́n ń tẹ ìdí rẹ̀ kó má bàa yọ) dè pọ̀. Rivet ń gbé ẹrù dáadáa bí ẹrù náà bá ń fẹ́ gé e sí méjì. Bí ó bá ń fa orí rẹ̀ jáde, kò lágbára. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ àwo yẹn ni irin ìsokùn ń jókòó sí, kí ìfà okùn lè máa lọ ní ojú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sí abẹ́, tí òrùka tí okùn ń gbà kọjá ń fà tààrà sísàlẹ̀, ti sọ ìrù náà di ohun tí orí rivet nìkan dì mú.

Bóòtù AN3, irú èyí tí wọ́n ń fi de bàlúù, tí kò nípọn ju mìlímítà 4.8 lọ, lè gba ìfà tó tó kìlógíráàmù 1,000 kó tó já. Kò sí ìdí láti wá èyí tó sanra. Ihò ńlá ń jẹ irin tó yẹ kó gbé ẹrù, àárín ihò sì gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí irin ní ìlọ́po méjì ìnípọn bóòtù, ó kéré tán: nǹkan bíi mìlímítà 10 fún AN3. Kí ẹ wo òrùka náà dáadáa kí ẹ tó sanwó. Èyí tó pọ̀ lọ́jà jẹ́ irin gbọọrọ tí wọ́n kàn tẹ̀ po. Bí ẹ bá yí i sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àlàfo tín-ín-rín níbi tí ẹnu rẹ̀ ti pàdé ọrùn. Ibẹ̀ ni yóò ti là. Èyí tí ẹnu rẹ̀ dì pátápátá ni kí ẹ mú.

Ẹ wọn gbogbo rẹ̀ lórí ìwọ̀n. Gíráàmù 200 ní ìrù tó jìnnà ní mítà mẹ́rin sí ibi ìdọ́gba ń béèrè gíráàmù 800 lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì tó jìnnà ní mítà kan. Ìṣirò ìwọ̀n bàlúù náà gbọ́dọ̀ di ṣíṣe lọ́tun.

Fún okùn, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà dámọ̀ràn èyí tó lè gba ìfà pọ́n-ùn 3,000 (nǹkan bíi kìlógíráàmù 1,360) fún bàlúù kékeré. Ẹ̀ka méjì tó yà síra láti ìrù sàn ju ọ̀kan lọ, torí ọ̀kan kì í jẹ́ kí ìrù gbéra, ṣùgbọ́n kì í dá a dúró kó má fì. Ẹ má fà á le. Àlàfo bí íǹṣì kan gbọ́dọ̀ wà. Okùn tó le jù ń fi ẹrù sára bàlúù bí ẹni tó ń fò ní ìdoríkodò, okùn tí wọ́n fi ewéko hun sì máa ń sún kì tí òjò bá pa á, kí ẹ lo náílọ́nù.

Èèkàn ilẹ̀ ọyẹ́ kò ṣeé fi ọkàn tán: ilẹ̀ tó gan nínú oṣù Kejì á ti di ẹrẹ̀ nígbà tó bá di oṣù Karùn-ún. Kọnkéré tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50 níhà gbogbo wúwo tó kìlógíráàmù 300, ìyẹn tó fún ìrù. Lágbègbè bí Ògìdì, níbi tí àpáta ti sún mọ́ òkè, àpáta ọ̀hún gan-an ni kí ẹ lu, kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì mọ irin sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìjì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo orí àwọn rivet yẹn. Bí ìlà dúdú bá yọ láti abẹ́ orí ọ̀kan, rivet náà ti ń mì nínú ihò rẹ̀; ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi èyí tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ kí ìjì mìíràn tó dé.