Títa aṣọ sí Amẹ́ríkà: ta ni yóò san owó ibodè?

Ní 29 Oṣù Kẹjọ 2025, Amẹ́ríkà wọ́gi lé àǹfààní tó ń jẹ́ kí ẹrù tí iye rẹ̀ kò ju $800 lọ wọlé láìsan kọ́bọ̀ fún aṣọ́bodè. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ta àdìrẹ, aṣọ òkè àti fìlà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà pé, "Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó gbé ẹrù mi wá." Àwọn ìbéèrè tó ń jà ràn-ìn nìyí.

Ṣé ó kan Nàìjíríà?
Ó kàn án. Ṣáínà àti Hong Kong ló kọ́kọ́ kàn ní Oṣù Karùn-ún 2025, kó tó wá kárí ayé.

Èló ni wọ́n ń gbà?
Iye náà kì í dúró lójú kan, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ gan-an. Nígbà tí òfin bẹ̀rẹ̀, 15% ni ti Nàìjíríà: gáùn $120, owó ibodè $18. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fún ẹrù tó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá ní ọ̀nà mìíràn fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ìyẹn $80 gbáko lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan tó bá wá láti orílẹ̀-èdè tí owó ibodè tirẹ̀ kò tó 16%. Fìlà $25, owó ibodè $80. Ẹ ò rí i pé fìlà ti di ẹ̀bùn orí owó ibodè.

Bí ẹ bá gba ti kúríà, owó ibodè tó ti wà tẹ́lẹ̀ fún irú ọjà yẹn lè gun orí iye tí wọ́n ń gbà lórí ẹrù Nàìjíríà, kúríà á sì tún gba owó iṣẹ́ tirẹ̀.

Kí ló dé tí ilé ìfìwéránṣẹ́ kan fi ní àwọn ò gbẹ́rù Amẹ́ríkà mọ́?
Òfin ní kí ẹni tó ń kó ẹrù gba owó náà, kó sì san án fún aṣọ́bodè Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ètò tí wọ́n lè fi gbà á.

Èmi ni yóò san án ni, àbí oníbàárà?
Ẹ wo fọ́ọ̀mù kúríà. DDP: ẹ̀yin tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ san án. DAP tàbí DDU: oníbàárà ni yóò san án kó tó rí ẹrù gbà. Ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ á kọ̀, ẹrù á jókòó sí ilé ìkẹ́rùsí, kúríà á sì yíjú sí yín fún owó ìdápadà. DDP ni mo fara mọ́: ẹ ti ṣírò rẹ̀ mọ́ iye ọjà. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ìlànà ṣọ́ọ̀bù yín pé owó ibodè kò sí nínú iye tí ẹ dá lé e.

Láti Èkó ni mo ti fi ànkàrá ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ́ṣe tí wọ́n fi ń pè é ní ọjà Ṣáínà?
Nítorí pé ibi tí ẹrù ti gbéra yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Aṣọ tí a kò tíì rán, ibi tí wọ́n ti hun ún ni aṣọ́bodè Amẹ́ríkà sábà máa ń kà sí ilé rẹ̀. Ọ̀pá mẹ́fà tí ẹ rà ní Balógun lè ní orúkọ Holland létí gbàgàdà. Bí Ṣáínà ni wọ́n ti hun ún, ọmọ Ṣáínà ni. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ rán an di gáùn l'Ékòó, ọ̀rọ̀ yí padà: ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ ni wọ́n ń wò, ó di ti Nàìjíríà. Aṣọ òkè tí wọ́n hun n'Ísẹ̀yìn kò mú àríyànjiyàn wá. Ẹ má gbàgbé léèbù o: lára gáùn àti ṣẹ́ẹ̀tì, àárín ọrùn nínú ni orúkọ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ wà, kí ẹ sì kọ irú òwú tó jẹ́.

Kí ni kí n kọ sí fọ́ọ̀mù?
"Aṣọ" nìkan kò tó. Ẹ kọ ọ́ pé gáùn obìnrin kan ni, òwú 100%, híhun (woven), wọ́n rán an ní Nàìjíríà, iye tí oníbàárà san àti HS code, ìyẹn nọ́ńbà tí aṣọ́bodè fi ń dá irú ọjà mọ̀. 6204.42 ni ti gáùn òwú tí wọ́n fi aṣọ híhun rán. Ìborùn híhun wà lábẹ́ 6214.

Bí mo bá kọ "ẹ̀bùn" sí i ńkọ́?
Ẹ̀bùn tí kò ju $100 lọ ṣì ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn ni: ẹnì kan sí ẹnì kejì, láìsí títà. Ẹrù tí rìsíìtì ọjà wà fún kì í ṣe ẹ̀bùn, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Àwọn tó ń kọ $20 sórí aṣọ $200 náà, ẹ rántí pé bí ẹrù bá sọnù, iye tí ẹ kọ ni wọn yóò fi ṣírò owó gbà-máà-bínú. Ẹ ò lè wá sọ nígbà náà pé irọ́ lẹ pa.

Oníbàárà rí àtẹ̀jíṣẹ́ pé kó tẹ lìǹkì kan láti san owó ibodè. Ṣé òótọ́ ni?
Kó má tẹ̀ ẹ́. Kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà ẹrù sórí ojúewé kúríà fúnra rẹ̀. Bí owó kan bá wà láti san, á rí i níbẹ̀.

Ṣé kí n dúró dìgbà tí wọ́n bá dá $800 padà?
Ẹ má dúró. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní Oṣù Keje 2025 yóò yọ àǹfààní náà kúrò nínú ìwé òfin pátápátá láti 1 Oṣù Keje 2027.

Ṣé kí n kúkú kọjú sí London?
Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ẹrù kò bá ju £135 lọ, ojúlé ọjà tí ẹ ń lò ni yóò gba VAT, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 20%, lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tó bá ń sanwó. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibodè ni wọ́n ti ń gbà á, owó ibodè sì lè bá a rìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà lórí WhatsApp tàbí ojúewé ara yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún VAT náà.