Kì í ṣe software ló bàjẹ́

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré, ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló pè mí, láti Bódìjà, Sámóńdà àti Ring Road. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ̀ńjíníà, software wa ti bàjẹ́, ẹ wá bá wa tún un fi sí i." Mo débẹ̀, kò sóhun tó ṣe software. Ní ọ̀kan nínú wọn, ẹnì kan ló ṣí i láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, tó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó wọ mọ́tò lọ síbi òkú ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Láísẹ́ǹsì alájọlò lẹ rà, ẹ̀yin èèyàn mi, ìyẹn àṣẹ ìlò software tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń pín lò. Orí server, kọ̀ǹpútà tó ń sin gbogbo àwọn tó kù, ló ń gbé, ètò kan tó ń jẹ́ FlexNet ló sì ń pín in fún MATLAB, ANSYS àti irú wọn, software táwọn ẹ̀ńjíníà fi ń ṣírò. Bí ẹ bá ra márùn-ún, márùn-ún náà ni. Ẹni kẹfà tó bá fẹ́ wọlé, nọ́ńbà àṣìṣe -4 ló máa rí: iye tẹ́ ẹ rà ti pé. Kí lẹ wá fẹ́ tún fi sí i? Ẹ tẹ àṣẹ FlexNet tó ń jẹ́ lmstat -a, á dárúkọ ẹni tó dì í mú, kọ̀ǹpútà tó wà àti aago tó gbà á. Èmi a máa kọ TIMEOUTALL 3600 sínú options, fáìlì tí FlexNet ti ń ka òfin tẹ́ ẹ fún un, kí láísẹ́ǹsì tí wọ́n bá pa tì fún wákàtí kan lè padà sílé, bí software náà bá ti gbà fún un.



Aago lẹ máa gbọ́ lẹ́nu mi. FlexNet kì í fi ọjọ́ ṣeré rárá. Bó bá rí i pé aago server ti padà sẹ́yìn, ojú olè ló máa fi wò yín, á kọ nọ́ńbà àṣìṣe -88, kò ní fún yín ní láísẹ́ǹsì mọ́, ó parí nìyẹn. Bátìrì róbótó kan, CR2032, ló ń bá server rántí aago nígbà tí kò bá síná. Nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ yìí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kú, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí server máa gba aago láti íntánẹ́ẹ̀tì nípasẹ̀ NTP, ètò tó ń bá kọ̀ǹpútà tún aago ṣe.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń yàwòrán afárá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Iná lọ mọ́jú, UPS kú, nígbà tíná dé, server ní ọdún 2010 làwọn wà. -88. Alàgbà kan ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n ta òróró sórí server. N kò bá àdúrà jà, ṣùgbọ́n òróró kì í tún aago ṣe! Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ mú ọmọkùnrin kan tó ń ta crack wá, ètò ayédèrú tó ń jẹ́ kí software ṣiṣẹ́ láìní láísẹ́ǹsì. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pa antivirus, ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kòkòrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lé ọdẹ lọ kóun tó wọlé, kí lẹ rò pé ó gbé dání? Bí owó láísẹ́ǹsì kò bá sí, software ìṣirò mìíràn wà lọ́fẹ̀ẹ́: GNU Octave wà, OpenFOAM náà wà.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n fi crack náà sí i, gbogbo àwòrán wọn ti yí orúkọ padà, kò sí èyí tó ṣeé ṣí, lẹ́tà kan sì wà nínú fódà kọ̀ọ̀kan tó ń bèèrè Bitcoin. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó pè mí. Mo tú server, mo yọ bátìrì náà, mo fi mítà wọ̀n ọ́n: fóòtì 3 ló yẹ kó ní, kò tó 1. Mo fi lé ọ̀gá wọn lọ́wọ́. Bàbá náà ń yí i síwá sẹ́yìn láàárín ìka, kò sọ̀rọ̀. Àwòrán tí wọ́n ti tẹ̀ sórí bébà nìkan ló kù fún wọn, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un yà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.