Kí ló já sórí páànù ní Ìbarà?

Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni fọ́tò kan ti ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sórí òmíràn ní Abẹ́òkúta: ọ̀pá funfun tó gùn tó apá àgbà, ìyẹ́ mẹ́ta ní ìdí rẹ̀, ọ̀rá pupa tó tẹ́ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo ẹ̀ lórí páànù ilé kan ní Ìbarà. Ẹnì kan ní bọ́ǹbù ni, ẹlòmíràn ní drone ni, ẹ̀kẹta ní ààrá ló jù ú. Mo ti rí àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó ni ín, mo sì ti fọwọ́ di nǹkan ọ̀hún mú. Ìdáhùn sáwọn ìbéèrè yín rèé.

Kí ni nǹkan náà gan-an?

Rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré ni, irú èyí táwọn èèyàn ń ṣe fún ìgbádùn àti ẹ̀kọ́. Kò ru nǹkan mìíràn ju páráṣúùtì rẹ̀ lọ, ìyẹn ọ̀rá pupa tó ń jẹ́ kó rọra sọ̀ kalẹ̀.

Ó dá yín lójú pé kì í ṣe ààrá?

Ẹdùn ààrá kì í gbé páráṣúùtì.

Kí ló ń tì í lọ sókè?

Ẹ fẹ́ bàlúùnù, kí ẹ jù ú sílẹ̀ láìso ẹnu ẹ̀: afẹ́fẹ́ á gba ẹ̀yìn jáde, bàlúùnù á sá lọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni, àmọ́ iná ló ń gba ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì jáde. Ẹ́ńjìnnì tiwọn sanra ju àtàǹpàkò lọ díẹ̀, páálí líle ni ara ẹ̀, amọ̀ ni ẹnu ẹ̀, ẹ̀tù tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ le ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n kọ D12-5 sí i lára. D ń sọ bí agbára inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè ní ìlọ́po méjì agbára èyí tó ṣáájú ẹ̀. 12 ni bó ṣe ń ti nǹkan tó, ní ìwọ̀n newton. 5 ni ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń rọra rú èéfín lẹ́yìn tí agbára ti tán, kí ẹ̀tù bíńtín tó bú lápá òkè, kó ti páráṣúùtì síta. Ìró tí ẹ gbọ́ lókè nìyẹn.

Ta ló dá a sílẹ̀?

Oníṣòwò bàtà kan ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, Orville Carlisle, òun àti Robert, ọmọ ìyá ẹ̀, ní 1954. Nígbà tí Rọ́ṣíà ju Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́, sókè ní 1957, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í po nǹkan abúgbàù fúnra wọn, ó sì ń gé wọn níka. Ẹ́ńjìnnì tí ilé iṣẹ́ ti ṣe tán ló gbà wọ́n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Wọ́n ní fáíbà ni ara ẹ̀. Ṣé fáíbà bọ́ńpà mọ́tò?

Òun gan-an. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bọ́ńpà ṣe ni wọ́n ti ra aṣọ fáíbà àti rẹ́sìnì, oje tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Wọ́n fi ọ̀rá wé páìpù omi, wọ́n wé aṣọ fáíbà lé e ní ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun rẹ́sìnì tó ti gba hádínà, oògùn tó ń mú un gan, títí aṣọ fi mu ún yó. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fà á yọ. Ti àkọ́kọ́ kò yọ rárá, wọ́n gbàgbé ọ̀rá. Ó ṣì lẹ̀ mọ́ páìpù lábẹ́ ibùsùn ọ̀kan nínú wọn. Níbi tí ìyẹ́ ti pàdé ara, wọ́n fi àtàǹpàkò fa rẹ́sìnì tó ki yí i ká, kí ìyẹ́ má baà ya. Mo rí ìlà àtàǹpàkò ọmọ náà níbẹ̀, ó ti gan pa. Ìyẹn ni pé kò wọ ìbọ̀wọ́. Kò dáa! Hádínà lè fọ́ni lójú, eruku fáíbà sì ń yúnni bíi wèrèpè. Ẹ má sì fà á símú.

Àwọn ọmọ náà ní aṣọ kábọ́ọ̀nù ló kàn. Ó le ju fáíbà lọ lóòótọ́, àmọ́ kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò kọjá. Ẹ̀rọ tí ẹ bá fi pa mọ́ sínú ẹ̀ kí ẹ lè mọ ibi tó já sí kò ní lè dá yín lóhùn.

Ṣé ó lè yí padà lójú ọ̀run, kó dojú kọ èèyàn?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọn ò bá ṣe é bí ọfà: orí wúwo, ìyẹ́ wà nídìí. Wọ́n máa ń fi okùn so ó láàárín, wọ́n á fì í yí orí ká. Tí orí ẹ̀ kò bá ṣíwájú, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tan iná sí.

Kí ló wá gbé e dé orí páànù onípáànù?

Páráṣúùtì tó tóbi jù. Ohun tó ń bọ̀ láti mítà 200, tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, máa lo ogójì ìṣẹ́jú àáyá lójú ọ̀run. Tí afẹ́fẹ́ náà bá ń sáré tó bẹ́ẹ̀, á gbé e lọ sí mítà 200. Wọ́n ti dá ihò sí àárín páráṣúùtì báyìí, kó lè tètè sọ̀ kalẹ̀.

Ṣé ọmọ mi lè fi ẹ̀tù ọdẹ ṣe ẹ́ńjìnnì tiẹ̀?

Rárá. Mo tún un sọ: rárá. Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́, òun ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń ṣe eré yìí fún ọgbọ̀n ọdún ń ra ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ̀tù tí ọmọ fọwọ́ kì lè ya nínú, kí gbogbo ẹ̀ gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹnu ẹ̀ bá dí, rọ́kẹ́ẹ̀tì ti di bọ́ǹbù, tó bá sì jẹ́ páìpù irin, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Fáíbà tó bàjẹ́, owó lẹ pàdánù. Ẹ̀tù kì í fúnni láyè àtúnṣe.

Òfin ńkọ́?

Kò sẹ́ni tó máa mú yín torí ọ̀pá fáíbà. Ẹ̀tù inú ẹ̀ lòfin ń wá: ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun abúgbàù, tọ́jú ẹ̀ tàbí kó o wọlé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Wọn kì í sì í gbà á nínú ẹrù tí èrò ń gbé wọ bàálù. Mo bi àwọn ọmọ náà bí tiwọn ṣe wọlé, wọ́n wolẹ̀.

Ṣé kò wá sí ohun tí ọmọ lè fò ni?

Ó wà. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, omi díẹ̀ nínú ẹ̀, páǹpù kẹ̀kẹ́ tó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí á fi ti omi jáde, kí ike fò. Ìyẹ́ fáíbà náà bá a mu. Kó jẹ́ ike ọtí tó ní gáàsì, kì í ṣe ike omi lásán, kí kálukú sì jìnnà sí i, torí ike náà lè bẹ́.

Tí irú ẹ̀ bá já sórí páànù tèmi ńkọ́?

Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má jù ú síná ìdáná. Ẹ kó àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí ẹ pe ọlọ́pàá.

Ṣé wọ́n ti gba tiwọn padà?

Wọ́n ti gbà á, lẹ́yìn tí wọ́n san owó páànù.