Ìwúwo ẹ̀rọ kì í ṣe okùn: ohun tó ń ba lathe tòkúnbọ̀ jẹ́ láàárín Èkó àti Iléṣà

"Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Irin tó wúwo tó báyìí, kí ló fẹ́ gbé e kúrò lójú kan?" Ẹni tó bá ti ra lathe tòkúnbọ̀, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè fi ọ̀bẹ gé e, ní Owódé Onírin l'Ékòó, tó ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e wá sí Iléṣà, á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Awakọ̀ á sọ ọ́, mọ́tò bọ́ọ̀yì á gbè é lẹ́yìn, àwọn tó bá wọn gbé ẹrù sókè á mi orí. Wọ́n á wá ju okùn kan gba orí ẹ̀rọ náà kọjá, nítorí kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó má baà yọ wọ́n lẹ́nu, ọkọ̀ á sì gbéra.

Wọn kò tan oníbàárà jẹ. Wọ́n gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ọ̀pọ̀ àwa tí a ni ẹ̀rọ náà sì gbà á gbọ́ pẹ̀lú wọn. Ó ń dùn mí gan-an, torí pé ẹ̀rọ tó ń fọ́ lójú ọ̀nà yìí kì í ṣe ti olówó. Ti tọ́nà, ẹni tó ń fi lathe gé irin, tó dá àjọ títí kó tó kó o ni. Ti wẹ́dà tó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, tó sì ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìṣọ̀kùn pé láti oṣù tó ń bọ̀, wọn ò ní máa gbé ọ̀pá àsù, ọ̀pá tó ń yí táyà ọkọ̀, lọ sí Ìbàdàn mọ́.

Ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá kò ṣòro mọ̀. Lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì nínú ṣọ́ọ̀bù, lathe tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan kì í gbọ́ ti ènìyàn mẹ́rin. Ẹ tì í, kò mira. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá irin gbé etí rẹ̀ sókè, kí ẹ ti páìpù bọ abẹ́ rẹ̀, kó tó yí. Ẹni tó bá ti làágùn nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè rò ó láé pé nǹkan náà á dá rìn.

Òótọ́ ni, níwọ̀n ìgbà tó bá wà lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í sáré, kò sì ní bíréèkì. Tí ọkọ̀ bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ń sá 80. Bíréèkì ń mú táyà, kò mú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà á fẹ́ máa bá eré tirẹ̀ lọ ni, gẹ́gẹ́ bí èrò tó dúró nínú bọ́ọ̀sì láìdi irin mú: tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, ẹni tó sanra àti ẹni tó rí pẹ́lẹ́bẹ́, iwájú ni àwọn méjèèjì ń dà sí.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe náà wà. Lóòótọ́, bí ẹ̀rọ bá ṣe wúwo tó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń di ilẹ̀ ọkọ̀ mú tó. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe wúwo tó náà ló ṣe ṣòro dá dúró tó nígbà tó bá ti wà lórí eré. Bí ọ̀kan bá ti ń pọ̀ sí i ni èkejì ń pọ̀ sí i, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù mẹ́ta kò fi ohunkóhun sàn ju ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù ìdajì lọ níbi ká dúró lójú kan. Tí ó bá tilẹ̀ fi ohun kan yàtọ̀, òun ni pé tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kò sí ẹni tó máa dá a dúró.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ wá pátákó kan tó tẹ́jú, tó gùn díẹ̀. Ẹ wá irin méjì tí abẹ́ wọn tẹ́jú, tó dán bákan náà, kí ọ̀kan kéré, kí èkejì wúwo tó o ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pátákó náà, kí ẹ wá máa gbé etí rẹ̀ kan sókè díẹ̀díẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, kò ní sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì á yọ̀ níbi gíga tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Tó bá jẹ́ pé ìwúwo ló ń mú irin dúró, irin ńlá ì bá kẹ́yìn pátápátá. Ẹ wá tún un ṣe lórí páànù irin tí ẹ fi ọ́ìlì pa. Ẹ ò ní tíì gbé etí rẹ̀ sókè púpọ̀ tí irin méjèèjì á ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ wo la sì ń rà tí kò ní ọ́ìlì lẹ́sẹ̀? Ilẹ̀ ọkọ̀ wo ló jẹ́ irin tí ọ́ìlì ẹrù ẹlòmíràn kò ti dà sí?

Iye rẹ̀ ṣe é ṣírò. Ìlànà ìdẹrù tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sọ pé ohun tí a fi de ẹrù gbọ́dọ̀ lè kojú agbára tó jẹ́ 0.8 ìwúwo ẹrù náà síwájú, àti 0.5 sí ẹ̀gbẹ́. Ká ní ẹ̀rọ yín jẹ́ 1,000 kìlò. Tí bíréèkì bá dé lójijì, bí ìgbà tí 800 kìlò ń fà á síwájú ni. Irin lórí irin tó ní ọ́ìlì kì í sábà dá ju nǹkan bí 100 sí 200 dúró nínú rẹ̀. Irin lórí pákó gbígbẹ lè dá nǹkan bí 300 sí 500 dúró. Ìyókù ni ṣéènì àti igi ìdènà gbọ́dọ̀ gbé. Ẹ sọ ẹ̀rọ náà di 2,000 kìlò, gbogbo iye wọ̀nyí á di ìlọ́po méjì, ohun tó ṣẹ́ kù fún ṣéènì náà á di ìlọ́po méjì.

Àti pé ìwúwo tí wọ́n fọkàn tán yìí, kì í fìgbà gbogbo wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Gbọ̀ngán sí Ifẹ̀, tàbí ibi tí a ń gba Òṣú wọ Iléṣà, mọ bí ọkọ̀ ẹrù ṣe ń fò nígbà tó bá kó sí kòtò. Lásìkò tí ilẹ̀ ọkọ̀ ń sá lọ sísàlẹ̀, ẹ̀rọ kò tíì bá a lọ. Fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ nǹkan kan mọ́ dáadáa. Tí kọ́nà bá bá a lásìkò yẹn, á sún. Kò ní sún púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìwọ̀n ìka kan tàbí méjì ni, ṣùgbọ́n kòtò pọ̀ láàárín Èkó sí Iléṣà.

Yíyọ̀ nìkan kọ́. Ẹ̀rọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ di pákó mú gírígírí lè má yọ̀, kó wá dojú dé, èyí ló sì ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù. Ẹ wo lathe dáadáa: ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ láti iwájú sẹ́yìn, gbogbo ohun tó wúwo lára rẹ̀, chuck tó ń di irin mú, gíà àti mọ́tò, sì kó jọ sí orí rẹ̀ lápá òsì. Ẹ̀rọ milling, èyí tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń yí láti òkè gé irin, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú Bridgeport tí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1938, tó tó nǹkan bí 900 kìlò, lókè lókè ni orí rẹ̀ wà, ó tún yọ síwájú. Okùn kan ṣoṣo tó gba orí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọjá kò lè ṣe nǹkan kan fún un lójú kọ́nà.

Tó bá sì ṣubú, irin tí wọ́n fi ṣe é kì í tẹ̀, sísán ló ń sán. Cast iron, irin tí wọ́n yọ́ dà, ni bẹ́ẹ̀dì lathe, ara gígùn tí nǹkan yòókù jókòó lé, kábọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀ pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gba ìgbọ̀n ẹ̀rọ mọ́ra dáadáa nígbà tí a bá ń gé irin, òun náà ló sì ń jẹ́ kó fọ́ tí nǹkan bá gbá a. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè kọ́kọ́ mú un gbóná, kó fi ọ̀pá nickel lẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ṣe é lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì tó ti sán kò ní tọ́ mọ́, níbi iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà là ń wá. Gbogbo irin tí ẹ bá gé lórí rẹ̀ á máa tóbi lápá kan, á máa kéré lápá kejì, títí ayé ẹ̀rọ náà.

Kí wá ni ṣíṣe? Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Fún lathe, ẹ ti carriage, ibi tí ọ̀bẹ ìgérin jókòó sí, àti tailstock, èyí tó ń ti ìdí irin, lọ sí apá ọ̀tún, jìnnà sí chuck, kí ìwúwo lè dọ́gba díẹ̀, kí ẹ sì fi bóòtù wọn há wọn. Fún milling, ẹ sọ tábìlì rẹ̀ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ yí orí rẹ̀ kí mọ́tò dojú kọlẹ̀, kí ìwúwo òkè lè wá sílẹ̀. Ohun tó bá ṣe é tú, ẹ tú u. Ẹ fi gírísì pa bẹ́ẹ̀dì nítorí òjò.

Lẹ́yìn náà, ẹ ra igi méjì tó le dáadáa, tó gùn ju ẹsẹ̀ ẹ̀rọ lọ. Ihò bóòtù wà lẹ́sẹ̀ gbogbo ẹ̀rọ, ibi tó yẹ kí a fi dè é mọ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lu igi náà níhò, kí ẹ fi bóòtù de ẹ̀rọ mọ́ ọn. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, èyí ló wù mí jù kí ẹ ṣe, torí pé nǹkan mẹ́ta ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ẹsẹ̀ ẹ̀rọ á fẹ̀ sí i, á ṣòro fún un láti dojú dé; kì í ṣe irin lórí irin mọ́; igi náà á sì fún yín níbi tí ẹ lè kan ìdènà mọ́. Igi Iléṣà kò wọ́n tó owó tí ẹ fi ra lathe. Ẹ gbé e dání lọ sí Èkó tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Lórí ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ibi tó wúwo jù lára ẹ̀rọ kọjú síwájú, kó fara ti ògiri tó wà lẹ́yìn awakọ̀, tàbí igi ńlá tó fara ti ògiri náà. Ẹ wá lo ṣéènì mẹ́rin, ọ̀kan sí igun kọ̀ọ̀kan, kí meji fà síwájú, kí méjì fà sẹ́yìn, kí gbogbo wọn sì máa fà á wá sísàlẹ̀. Ara bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n gbà. Wọn kò gbọ́dọ̀ gba ara leadscrew, ọ̀pá gígùn tó ń fa carriage lọ, wọn kò gbọ́dọ̀ kan ọwọ́ ẹ̀rọ tàbí chuck. Ọ̀pá leadscrew tó bá ti tẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ò ní lè fi ẹ̀rọ náà gé ìlà tó yí ara bóòtù ká dáadáa mọ́. Okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń di àpò gààrí kò wúlò níbí, ó ń gùn tí a bá fà á. Àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n tò tì í náà kì í ṣe ìdènà. Àpò máa ń sún, àlàfo á sì yọ.

Ọkọ̀ tó já ẹrù sí Èkó tó ń padà bọ̀ wálé lófìfo máa ń dín owó kù, kò sì burú kí ẹ wá irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ̀rọ̀ ṣéènì kí ẹ tó ná owó, ẹ má ṣe jẹ́ kó di ìjà nígbà tí ẹrù ti wà lókè. Ẹ ka wébìlì, ìwé ẹrù tí wọ́n ń kọ fún yín, pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sí nísàlẹ̀ pé ẹni tó ni ẹrù ló ni ewu rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀rọ náà láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, kí awakọ̀ wà nínú ọ̀kan.

Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ni ewu náà ṣá, ohunkóhun tí wébìlì bá sọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, kọntéínà kan láti orí tírélà wó lé bọ́ọ̀sì èrò ní Ojúẹlẹ́gbà l'Ékòó, ènìyàn 9 sì kú. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà kò ní ẹrù kankan nínú kọntéínà yẹn. Lójú ọ̀nà tiwa, ọ̀kadà àti àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ẹrù.

Tí ẹ̀rọ bá wá dé Iléṣà láyọ̀, ìgbàgbọ́ kan náà tún ń dúró dè é níbẹ̀. Wọ́n á kó táyà àlòkù sílẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn tì í bọ́ sórí rẹ̀, pé irin ni, kò lè ṣe nǹkan kan. Táyà kì í gbà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń dá a padà sókè, ẹ̀gbẹ́ ló sì máa fi sọlẹ̀. Ẹ ti bá oníkíréènì sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò l'Ékòó, tàbí ẹni tó ní ṣéènì bílọ́ọ̀kù tí a fi ń fa ẹrù sókè àti òpó irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó le.

Nǹkan kan ṣẹ́ kù tí àwọn awakọ̀ kì í fẹ́ gbọ́. Ṣéènì tó le ní Owódé máa ń dẹ̀ lẹ́yìn ìwọ̀nba kìlómítà díẹ̀, nígbà tí igi bá ti fúnra pọ̀. Kí ọkọ̀ dúró kí wọ́n tó jáde kúrò l'Ékòó, kí ó tún dúró ní Aṣéjirè lẹ́yìn Ìbàdàn, kí wọ́n fún ṣéènì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin le, kí wọ́n tó kojú ọ̀nà Ìkirè àti Gbọ̀ngán. Ẹ fi owó kún owó ọkọ̀ nítorí ìdúró yìí, torí àsìkò awakọ̀ ni. Èyí tó bá gba owó tó sì ń rojọ́, ẹ wá ọkọ̀ míràn nígbà tí ẹ̀rọ yín ṣì wà nílẹ̀ ní Owódé.