Họ́ọ̀sì kan àtààbọ̀: kí ni ẹ̀rọ amúlétutù ń fi ẹṣin ṣe?

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ amúlétutù ní Wuse, l'Abuja, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni pé, "Họ́ọ̀sì mélòó lẹ fẹ́?" Ọ̀pọ̀ wa á dáhùn pé kan, tàbí kan àtààbọ̀, bí ẹni ń ra ìrẹsì ní mudu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Kubwa ṣe ra họ́ọ̀sì kan sí yàrá òkè pátápátá tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń lù. Láti oṣù Kejì títí òjò fi dé, ẹ̀rọ náà kò sinmi lóru, yàrá kò sì tutù.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí ti pẹ́. James Watt, ọmọ Scotland, ló fi agbára ẹṣin wé ti ẹ̀rọ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, kí àwọn oníbàárà lè mọ iye ẹṣin tí ẹ̀rọ kan máa rọ́pò. Agbára ẹṣin kan tó nǹkan bíi watt 746. Họ́ọ̀sì kan àtààbọ̀ wá ń sọ, ní ìfojúbù, iye iná tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ máa jẹ: bíi watt 1,100. Kò sọ bí yàrá yín ṣe máa tutù tó.

Ẹ wo alábàárù inú ọjà. Oúnjẹ tó jẹ láàárọ̀ yàtọ̀ sí ẹrù tó gbé sórí. Họ́ọ̀sì ni oúnjẹ, BTU, ìyẹn ìwọ̀n ooru, ni ẹrù. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe òtútù jáde. Ooru inú yàrá ló ń rù lọ síta. Gáàsì inú páìpù ló ń fa ooru náà mu nínú ilé, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á sì tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ níta. Ìdí nìyẹn tí atẹ́gùn fi ń gbóná lẹ́yìn èyí tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri níta.

BTU kan ni ooru tó máa mú omi pọ́ùn kan, tí kò tó pure water kan, gbóná sí i ní ìwọ̀n Fahrenheit kan. Ó kéré, àmọ́ họ́ọ̀sì kan sábà máa ń ru 9,000 rẹ̀ ní wákàtí kan, kan àtààbọ̀ 12,000, méjì 18,000.

Nítorí náà, ẹ ka ẹrù yàrá yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ẹnì kan tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru bíi watt 100 jáde lára. Ẹ ro ti pálọ̀ tí ẹbí kún. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tó wà nísàlẹ̀, 9,000 sábà máa ń tó o. Bí irú yàrá bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ páànù, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, 12,000 ni mo máa rà. Ẹ má sì kàn ra ńlá torí pé owó wà. Èyí tó tóbi jù á tètè tutù, á dákẹ́ kó tó fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tán, ìbùsùn á wá máa tutù rinrin lásìkò òjò.

Orí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ ni òtítọ́ wà. Mo rí méjì tí wọ́n ń pè ní kan àtààbọ̀, 12,000 BTU ni méjèèjì. Ọ̀kan ń jẹ watt 1,150, èkejì 900. Ẹ pín BTU sí watt: 10.4 ni ti àkọ́kọ́, 13.3 ni ti èkejì. Èyí tó pọ̀ jù ni alábàárù tó ń jẹun níwọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A, ìyẹn ti àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, gòkè lóṣù Kẹrin 2024, náírà 225 ni yúníìtì kan, ìyẹn watt 1,000 fún wákàtí kan. Watt 1,100 fún wákàtí mẹ́jọ gbáko jẹ́ náírà 1,980 lóru kan ṣoṣo nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ inverter náà ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Kì í ṣe ti bátìrì. Ó túmọ̀ sí pé kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lè dín eré kù nígbà tí yàrá bá ti tutù, dípò kó máa kú, kó máa jí. Òun ni ẹ̀gbọ́n mi wá fi rọ́pò ti àkọ́kọ́, 12,000.

Ẹni tó bá ń ṣí lọ Jos, níbi tí òtútù ọyẹ́ kì í ṣe kékeré, lè ra èyí tó lè yí iṣẹ́ padà, táá máa ru ooru wọlé láti ìta. Ẹ wo rìmóòtù bóyá wọ́n kọ Heat sí i, kí ẹni tó ń tà á sì tàn án fún yín lójú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.