SLA lórí sẹ́fà àjọlò: kí ni wọ́n ń ṣèlérí fún wa gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ni SLA tí gbogbo àwọn tó ń ta sẹ́fà ń pariwo yìí? Ṣé 99.99% tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé sẹ́fà mi ò ní kú láéláé?

Ìdáhùn: Rárá o. Àdéhùn ni, Service Level Agreement: ẹni tó ni sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù tàbí ìkànnì yín ń gbé lórí ẹ̀, ń sọ fún yín pé láàárín oṣù kan sẹ́fà ò ní kú kọjá ìṣẹ́jú báyìí, tó bá wá kọjá ẹ̀, iye báyìí lòun máa yọ fún yín nínú owó tẹ́ẹ máa san. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi náírà wá dọ́là kiri ká tó lè san owó sẹ́fà lóṣooṣù, síbẹ̀ a ò ka ìwé yẹn rí, ó máa ń dùn mí gan-an ni.

Ìbéèrè: 99.9% àti 99.99%, ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Ìdáhùn: Wọ́n jìnnà síra. Ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ 43,200 ìṣẹ́jú, ẹ fi ṣírò. Tó bá jẹ́ 99%, sẹ́fà lè kú fún wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 12 lóṣù, wọn ò sì jẹ yín ní kọ́bọ̀. 99.9%, ìṣẹ́jú 43. 99.99%, ìṣẹ́jú 4 lé díẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí nọ́ńbà yẹn wà fún: lọ́dọ̀ AWS, ẹ̀ka Amazon tó ń fi sẹ́fà háyà, 99.99% ti EC2, ìyẹn sẹ́fà tí wọ́n ń fi háyà yẹn, wà fún ẹni tó pín sẹ́fà ẹ̀ sí ibi méjì, ó kéré tán, kí ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ lọ tí ìkejì bá kú. Ẹni tó ní ẹyọ kan péré, 99.5% ni tiẹ̀, ìyẹn wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 36. Bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan yẹn náà lọ̀pọ̀ nínú wa ní o. Tí áàpù yín bá tún gbára lé nǹkan mẹ́ta, ká ní sẹ́fà, dátábéèsì àti ibi tí fọ́tò wà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 99.9%, tó sì jẹ́ pé tí ọ̀kan bá kú áàpù náà kú nìyẹn, nǹkan bíi 99.7% ló kù, ó ti ju wákàtí 2 lọ lóṣù.

Ìbéèrè: Tèmi ò kú, ó kàn ń falẹ̀ ṣáá ni, pàápàá lálẹ́. Ṣé mo lè gba owó padà?

Ìdáhùn: Ibi tó ń ta mí lára jù nìyí. Sẹ́fà tẹ́ẹ gbà yẹn, apá kan lára mọ́ṣíìnì ńlá ni, àwọn míì tẹ́ẹ ò mọ̀ rí náà wà lórí ẹ̀, bí ilé “face me I face you” tí gbogbo ayálégbé ń pọn omi nínú táǹkì kan. Tí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ ńlá lé e lóru, tiyín á máa dúró. Tó bá jẹ́ Linux ló ń darí sẹ́fà yín, ẹ tẹ àṣẹ top, ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ Cpu (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) sí, ẹ lọ síparí ẹ̀, ẹ máa rí st. Àkókò tí sẹ́fà yín fẹ́ ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí mọ́ṣíìnì ò gbà á láyè ló ń kà. Tó bá wà ní 0 tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ yéé bínú sẹ́nikẹ́ni, ẹ lọ yẹ kóòdù yín wò. Tó bá dúró sí 15 tàbí 20 fún ìgbà pípẹ́, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, tó bá jẹ́ irú sẹ́fà t2 tàbí t3 ti AWS, st lè ga torí pé CPU credit yín, ìyẹn agbára tẹ́ẹ ti tọ́jú pamọ́ nígbà tẹ́ẹ ò lò ó, ti tán: t3.micro, 10% agbára CPU kọ̀ọ̀kan ni tẹ́ẹ lè máa lò tọ̀sán-tòru, tẹ́ẹ bá fẹ́ lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti gbọ́dọ̀ ní credit nílẹ̀ tàbí kẹ́ẹ sanwó lé e. Ní ti owó padà, SLA tó pọ̀ jù, kíkú nìkan ni wọ́n ń kà, wọn ò ka fífalẹ̀.

Ìbéèrè: Tó bá wá kú ńkọ́, ṣé wọ́n á fowó ránṣẹ́?

Ìdáhùn: Wọn ò ní fún yín lówó lọ́wọ́. Wọ́n á yọ ọ́ nínú bílì tó ń bọ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì máa béèrè. Ká ní sẹ́fà ẹyọ kan tẹ́ẹ ń san dọ́là 40 lé lórí kú fún wákàtí 5 lóṣù kan, ìyẹn 99.3%, 10% ni AWS máa yọ, dọ́là 4. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé kí bílì kejì lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó parí, kẹ́ẹ kọ wákàtí tó kú sí i, kẹ́ẹ fi lọ́ọ̀gì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí sẹ́fà ń ṣe, gbè é. Torí ẹ̀, ẹ gbé nǹkan tó ń ṣọ́ sẹ́fà yín sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ míì. Nígbà tí S3, ibi tí AWS ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì sí, kú ní Virginia lọ́jọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2017, ojú-ewé tí AWS fi ń sọ fáyé pé nǹkan ti bàjẹ́ ò ṣeé yí padà, torí orí S3 lòun náà gbára lé.

Ìbéèrè: Ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024 tí báǹkì ò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ṣé SLA ká ìyẹn?

Ìdáhùn: Kò ká a. Okùn abẹ́ òkun ló já nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Sẹ́fà wà láàyè lókè òkun, ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló dí, SLA sì sábà máa ń yọ ìṣòro íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn odi wọn sílẹ̀.

Ìbéèrè: Èmi gan-an ni mo ń bójú tó sẹ́fà kan tí ẹ̀ka mẹ́rin ń pín lò níbi iṣẹ́ wa. Kí ni kí n kọ sínú SLA tèmi?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣèlérí kọjá ohun tí ẹni tó ń ta sẹ́fà fún yín ṣèlérí. Ẹ fi òdiwọ̀n sí ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lè lò, tó bá jẹ́ Kubernetes lẹ fi ń darí àwọn áàpù yín, ResourceQuota wà nínú ẹ̀ fún un, cgroups wà nínú Linux, kí ẹ̀ka kan má bàa jẹ tàwọn yòókù. Ẹ kọ fífalẹ̀ náà sí i, bíi pé 95% àwọn ìbéèrè tó bá wọlé gbọ́dọ̀ rí èsì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1. Ẹ kọ ìgbà tẹ́ẹ máa ń pa á fún àtúnṣe, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè tó bá kú láago méjì òru.